Èdìdì Òkúta Ayé Àtijọ́: Ohun tí Àwọn Èèyàn Máa Ń Béèrè

Ọ̀rọ̀ èdìdì kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá. Júdà fi èdìdì rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ Támárì. Jésíbẹ́lì fi èdìdì Áhábù lu ìwé tó gba ẹ̀mí Nábótì. Èdìdì ọba ni wọ́n fi di ẹnu ihò kìnnìún mọ́ Dáníẹ́lì. Àmọ́ kí ni nǹkan náà gan-an, kí sì ni aráàlú ń fi í ṣe nínú ilé àti nínú ọjà? Ilẹ̀ Mẹsopotámíà la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, ìyẹn Ìráàkì òde òní pẹ̀lú apá kan Síríà, torí pé ibẹ̀ ni èdìdì ti pọ̀ bí yanrìn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀.

Báwo ni èdìdì ṣe rí?

Oríṣi méjì ni. Èyí tó kọ́kọ́ dé pẹlẹbẹ lójú. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀ tútù, àmì rẹ̀ á hàn. Ní Tell Sabi Abyad ní Síríà, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ègé amọ̀ tí wọ́n ti fi irú èyí tẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 6000 ṣáájú Kristi, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìwé kọ.

Oríṣi kejì ló lókìkí jù: òkúta kékeré tó rí róbótó tó sì gùn díẹ̀. Gíga rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4 lọ. Wọ́n lu ihò já láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí okùn lè gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì gbẹ́ àwòrán wọnú ara rẹ̀ yíká. Bí ẹ bá yí i gbiri lórí amọ̀ tútù, àwòrán náà á yọ síta lójú amọ̀, á sì máa padà wá léraléra títí ẹ ó fi dáwọ́ dúró. Ní nǹkan bí ọdún 3500 ṣáájú Kristi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú èyí ní Uruk ní gúúsù Ìráàkì àti ní Susa ní Ìráànì. Ó tó 3,000 ọdún kí wọ́n tó pa á tì.

Kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ di oníyíyí?

Nítorí olè. Amọ̀ tí wọ́n fi bo ẹnu ìkòkò ńlá fẹ̀. Bí àmì bá wà ní ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jalè lè gba ibi tí kò sí àmì wọlé, kó sì rẹ́ ẹ padà. Èdìdì tí ń yí lè bo gbogbo ojú amọ̀ láìku àyè kankan. Ó tún gba àwòrán tó pọ̀, tí èdìdì ẹnì kan kò fi ní jọ ti ẹlòmíràn.

Kí gan-an ni wọ́n ń fi dì?

Ìkòkò, àpò, agbọ̀n, àpótí, lẹ́tà àti ìlẹ̀kùn. Ti ìlẹ̀kùn ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Ẹ wo yàrá tí wọ́n ń kó ọkà, òróró àti irun àgùntàn sí. Èèkàn kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, okùn sì wà lára ìlẹ̀kùn. Bí alábòójútó bá ti ilẹ̀kùn tán, á wé okùn náà mọ́ èèkàn, á bu amọ̀ tútù, á lẹ̀ ẹ́ bo okùn àti èèkàn pọ̀, á wá yọ èdìdì tó so mọ́ ọrùn tàbí ọwọ́ rẹ̀, á yí i lórí amọ̀ náà. Kò pẹ́ tí amọ̀ fi gbẹ. Ọmọ ọdún márùn-ún lè fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọ́ ọ kò lè tún un ṣe kó rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àyàfi bí òkúta kan náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo ilé ló máa mọ̀ pé ẹnì kan ti wọ àká.

Ohun tó dùn mọ́ni jù ni pé wọn kì í da amọ̀ tí wọ́n bá fọ́ nù lójú ẹsẹ̀. Ní Arslantepe, lẹ́bàá ìlú Malatya ní Tọ́kì, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Ítálì rí iye tó ju 2,000 lọ nínú ààfin kan tí wọ́n ń lò ní nǹkan bí 3300 ṣáájú Kristi. Wọ́n ti kó wọn jọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó dà wọ́n sí ibì kan pa pọ̀. Àwọn àfọ́kù yẹn ni àkọsílẹ̀ wọn: ta ló ṣí yàrá yìí, ìgbà mélòó ló ṣí i, kí ló kó níbẹ̀. Ìlú tí kò tíì ní ìwé kíkà ń ṣe ìṣirò ẹrù ìlú báyìí.

Ẹ̀yìn amọ̀ náà tún ń sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ gbé àmì èdìdì, ẹ̀yìn rẹ̀ gbé àmì ohun tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́: ìhun agbọ̀n, aṣọ àpò, igun àpótí, ìtàkùn okùn tó wé mọ́ èèkàn. Arábìnrin ará Ítálì kan, Enrica Fiandra, ló fojú sílẹ̀ wo ẹ̀yìn irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí ní Phaistos ní erékùṣù Kírétè, tó sì fi hàn pé ìlẹ̀kùn ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Tẹ́lẹ̀, ojú àwòrán nìkan ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń wò. Ní tèmi o, àfọ́kù amọ̀ ẹlẹ́rùpẹ̀ wọ̀nyí níye lórí ju òkúta tó ń dán nínú gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ. Òkúta sọ ẹni tó ní i fún wa. Amọ̀ sọ ohun tó fi í ṣe.

Ṣé ọlọ́lá nìkan ló ń ní èdìdì?

Rárá. Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì, kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 440 ṣáájú Kristi pé gbogbo ará Bábílónì ló ní èdìdì àti ọ̀pá tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Bóyá ó bù mọ́ ọn, àbùmọ́ kò jìnnà sí i. Àmọ́ a rí ti ọba, ti akọ̀wé, ti oníṣòwò, ti ìránṣẹ́ ààfin. Enheduanna, ọmọbìnrin ọba Sargon ti Ákádì, olórí àlùfáà ní Ur, ìlú àtijọ́ kan ní gúúsù Ìráàkì, ní ọkùnrin kan tó ń bá a ṣe irun, Ilum-palil lorúkọ rẹ̀. Onídìrí náà ní èdìdì tirẹ̀, wọ́n sì hú u jáde ní Ur, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ọ̀gá rẹ̀ lára rẹ̀.

Ẹni tí kò lówó á gba ti òkúta rírọ̀ tí wọ́n gbẹ́ wúruwùru. Ọlọ́rọ̀ á gba ti lapis lazuli, òkúta aláwọ̀ aró tó ti Badakhshan ní Afganísítàànì wá.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Wọ́n ní tiwọn, kì í sì í ṣe nítorí ọkọ wọn.

Nígbà tí Leonard Woolley ń walẹ̀ ní Ur láàárín 1922 sí 1934, ó kan ibojì obìnrin kan tí wọ́n sin ní nǹkan bí 2600 ṣáájú Kristi. Èdìdì mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá rẹ̀. Ọ̀kan tí wọ́n fi lapis lazuli ṣe ló jẹ́ ká mọ orúkọ rẹ̀: Puabi, ayaba. Wọn kò dárúkọ ọkọ kankan síbẹ̀. Àwọn tó jókòó nídìí àríyá, tí wọ́n gbé ife lọ́wọ́, ni wọ́n gbẹ́ sí i lára.

Urkesh, tí òkìtì rẹ̀ ń jẹ́ Tell Mozan ní Síríà báyìí, tún fani mọ́ra ju ìyẹn lọ. Giorgio Buccellati àti ìyàwó rẹ̀, Marilyn Kelly-Buccellati, rí àfọ́kù amọ̀ rẹpẹtẹ nínú yàrá ìkẹ́rùsí ààfin ọba Tupkish, tó jọba ní nǹkan bí 2300 ṣáájú Kristi. Èdìdì ayaba Uqnitum àti ti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló gba iwájú níbẹ̀. Zamena, obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ, ní tirẹ̀. Tuli, olórí ilé ìdáná, ní tirẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe àwòrán ibẹ̀: ẹnì kan fẹ́ dúńbú ẹran, obìnrin kan sì ń po wàrà nínú ìkòkò. Kò sí òrìṣà níbẹ̀, kò sí ọba. Ẹ ronú ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: tí nǹkan kan bá dín nínú àpò ìyẹ̀fun, Tuli ló máa dáhùn.

Ní Páṣíà, ní nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú Kristi, Irtashduna tó jẹ́ aya Dáríúsì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó oko rẹ̀, èdìdì ara rẹ̀ ló sì fi ń lu wọ́n. A rí wọn lára àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú ní Persepolis ní 1933.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi èdìdì ṣe àdéhùn?

Amọ̀ ni ìwé wọn. Bí ẹnì kan bá yá ọkà tàbí fàdákà, akọ̀wé á kọ ọ́ sára wàláà amọ̀, ajigbèsè á yí èdìdì rẹ̀ lé e, olówó á gbé e pamọ́. Lọ́jọ́ tó bá san án, wọ́n á dá wàláà náà padà fún un tàbí kí wọ́n fọ́ ọ. Gbèsè parí.

Fún ọ̀rọ̀ ńlá, irú bí ilẹ̀ títà, wọ́n á fi amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ míràn bo wàláà náà bí àpòòwé, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí á sì yí èdìdì wọn sí i. Bí ìjà bá dé, adájọ́ á fọ́ ti òde, á ka ti inú. Ẹni tó bá fẹ́ yí iye owó padà lẹ́yìn ní láti kọ́kọ́ fọ́ àmì gbogbo ẹlẹ́rìí. Mi ò rò pé ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ òde òní ní ààbò tó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníṣòwò Àsíríà tó ń ti Aṣuru lọ sí Kanesh ní Tọ́kì, ní nǹkan bí 1900 ṣáájú Kristi, lo èdìdì lójú ọ̀nà pẹ̀lú. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru aṣọ àti tánganran wọn. Wọ́n máa ń fi èdìdì di ẹrù tánganran tó jẹ́ ọjà gan-an láti ilé. Ẹni tó ń dà á lọ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n á wá fún un ní tánganran mìíràn lọ́wọ́ tí kò ní èdìdì, èyí tó lè fi san owó ibodè, kó sì fi jẹun. Ẹrù tó bá gúnlẹ̀ pẹ̀lú èdìdì tó fọ́ ní ẹjọ́ tí wọ́n máa rò.

Ẹni tí kò ní èdìdì ńkọ́?

Á fi èékánná rẹ̀ tẹ amọ̀ náà, tàbí kó tẹ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mọ́ ọn. Akọ̀wé á wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé èékánná lágbájá nìyí, dípò èdìdì rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i kí bàbá àgbà tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ní Nippur, ìlú àtijọ́ mìíràn ní gúúsù Ìráàkì, wọ́n tún ní ọgbọ́n mìíràn: agbẹ́dìdì á gbẹ́ ọ̀kan wéréwéré lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń ta nǹkan, fún àdéhùn ọjọ́ náà nìkan.

Bí èdìdì bá sọnù ńkọ́?

Wàhálà nìyẹn, torí ẹni tó bá he é lè fi jẹ gbèsè lórúkọ olóhun. Wàláà kan wà láti Nippur tó sọ nípa oníṣòwò kan tí èdìdì rẹ̀ sọnù. Ìgbìmọ̀ ìlú ní kí akéde fun ìwo káàkiri àdúgbò kí gbogbo ayé lè gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èdìdì náà dá a lẹ́jọ́ mọ́. Parnakka, ìjòyè ńlá ní Persepolis lábẹ́ Dáríúsì, náà pààrọ̀ tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé èyí tó jẹ́ tòun tẹ́lẹ̀ ti yí padà, èyí tó wà lára wàláà yìí ni tòun báyìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ?

Iṣẹ́ ojú ni. Agbẹ́dìdì á gé òkúta, á fi iyanrìn líle ha á títí á fi dán, á lu ihò láti òkè, á tún lu ti ìsàlẹ̀ títí méjèèjì á fi pàdé láàárín. Ọrun kékeré ló fi ń yí irin ìlu náà síwá sẹ́yìn. Bàbà àti òkúta mímú ni irinṣẹ́ rẹ̀ ní àkọ́kọ́. Nígbà tó yá ni ẹ̀rọ olóbìírí tó lè gé òkúta líle dé, tí iṣẹ́ sì túbọ̀ yá. Ní ayé Hammurabi ọba Bábílónì, hematite, òkúta dúdú tó wúwo bí irin, ló wà lóde.

Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà sódì. Ohun tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lórí òkúta á di ọwọ́ òsì lórí amọ̀, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn. Agbẹ́dìdì ní láti wo ohun tó kéré bí eyín ìrẹ kó sì rí i ní òdìkejì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí láìsí gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, ọlọ́gbọ́n ló lè sọ.

Àwòrán wo ló máa ń wà lára rẹ̀?

Akọni tó ń bá kìnnìún jà. Ẹni tí wọ́n mú lọ́wọ́ lọ síwájú òrìṣà. Àwọn tó ń fi pákó esùsú gígùn fa ọtí bíà nínú ìkòkò kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ wo ọ̀kan ṣoṣo, ẹ wo ti Adda tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ́nù. Òkúta aláwọ̀ ewé ni, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.9, ó sì ti tó ọdún 4,300. Láàárín, Ṣamaṣi, òrìṣà oòrùn, ń fi ayùn gé ọ̀nà jáde láàárín òkè méjì, ìtànṣán ń yọ lára èjìká rẹ̀. Iṣitari oníyẹ̀ẹ́, òrìṣà ìfẹ́ àti ogun, dúró lápá kan. Ea, òrìṣà omi, ń bọ̀ lápá kejì, omi ń ṣàn jáde ní èjìká rẹ̀, ẹja sì ń wẹ̀ nínú omi náà. Lẹ́yìn Ea ni ìránṣẹ́ rẹ̀ dúró sí, ojú méjì ló ní, ọ̀kan wo iwájú, ọ̀kan wo ẹ̀yìn. Gbogbo wọn lórí òkúta tó lè pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́! Lápá òsì ni wọ́n kọ ọ́ sí: Adda, akọ̀wé.

Ṣé wọ́n gbà pé ó lágbára bí oògùn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbà pé òkúta kọ̀ọ̀kan ló ní ire tirẹ̀, wọ́n ń so ó mọ́ra, wọ́n sì ń sin ín pẹ̀lú òkú. Nígbà tí àwọn Kassite ń jọba ní Bábílónì, àdúrà gígùn ni wọ́n ń kọ sára púpọ̀ nínú wọn, tí àwòrán á wá kéré.

Ṣé èdìdì máa ń kú pẹ̀lú olóhun rẹ̀?

Nígbà mìíràn ni. Ọmọ lè jogún ti bàbá, wọ́n sì lè pa orúkọ àtijọ́ rẹ́ kí wọ́n kọ tuntun. Ní 672 ṣáájú Kristi, nígbà tí Esarhaddon ọba Àsíríà mú àwọn ìjòyè búra fún àrólé rẹ̀, èdìdì mẹ́ta ti òrìṣà Aṣuru ni wọ́n fi lu wàláà ìbúra náà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti ju 1,000 ọdún lọ nígbà yẹn. Ta ni yóò dá ìbúra bẹ́ẹ̀?

Ṣé a rí èdìdì àwọn tí Bíbélì dárúkọ?

A rí àmì wọn lórí amọ̀. Ní 2009, níbi tí wọ́n ti ń walẹ̀ ní Ófélì ní Jerúsálẹ́mù lábẹ́ Eilat Mazar, wọ́n rí ègé amọ̀ kan tó fi díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ní 2015 ni wọ́n kéde ohun tó wà lára rẹ̀: ti Hesekáyà ọmọ Áhásì, ọba Júdà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì gbé àmì okùn tó so ìwé pápírọ́ọ̀sì náà. Ní 1982 náà, Yigal Shiloh rí ti Gemaráyà ọmọ Ṣáfánì, tí ìwé Jeremáyà dárúkọ, láàárín àádọ́ta ó lé kan ègé bẹ́ẹ̀ nínú ilé tó jóná nígbà tí Bábílónì pa ìlú náà run ní 586 ṣáájú Kristi. Iná tó jó ìwé di eérú ló sun amọ̀ di líle tó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ti ọjà wá o. Èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Bárúkù, akọ̀wé Jeremáyà, òwò ló gbé e jáde, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì gbà pé ayédèrú ni.

Òrùka Ànábì Muhammad ńkọ́?

Èdìdì ni ìyẹn náà. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ọba ilẹ̀ òkèèrè kì í ka lẹ́tà tí kò ní èdìdì, ló bá ní kí wọ́n ṣe òrùka fàdákà tí wọ́n kọ "Muhammad Rasulullah" sí. Abu Bakr, Umar àti Uthman lò ó lẹ́yìn rẹ̀, kó tó jábọ́ lọ́wọ́ Uthman sínú kànga Aris ní Mẹ́dínà. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i.

Ti Íjíbítì yàtọ̀ sí èyí?

Wọ́n lo oníyíyí níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ èyí tó rí bí kòkòrò yímíyímí ló gbilẹ̀. Nínú ibojì Tutankhamun tí Howard Carter ṣí, okùn àti amọ̀ tí wọ́n fi di ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú àwọn ilé oníwúrà tó yí pósí rẹ̀ ká ṣì wà láìfọ́ lẹ́yìn ohun tó ju 3,200 ọdún.

Kí ló mú oníyíyí kásẹ̀ nílẹ̀?

Yíǹkì. Nígbà tí èdè Árámáíkì gbòde, orí pápírọ́ọ̀sì àti awọ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ìṣù amọ̀ bíńtín tó so okùn ìwé náà pọ̀ kò sì gba ju òǹtẹ̀ kékeré tàbí òrùka lọ.

Ṣé mo lè ra ọ̀kan?

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, nígbà ogun, àwọn olè fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ìráàkì ní Baghdad, èdìdì oníyíyí tí wọ́n jí lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000, torí ó kéré, àpò ṣòkòtò gbà á. Ọdún yẹn náà ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin de òwò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó bá kúrò ní Ìráàkì lọ́nà àìtọ́. Èyí tí kì í bá í ṣe ẹrù olè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ayédèrú ló sábà máa ń jẹ́.

Níbo ni mo ti lè rí i, ṣé àwọn ọmọ iléèwé sì lè ṣe tiwọn?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ́nù, ọ̀fẹ́ ni wíwọ British Museum. Puabi àti Adda wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará New York, ẹ lọ sí Morgan Library. Àwòrán púpọ̀ tún wà lójú òpó wọn fún ẹni tó wà nílé.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ fún wọn ní ṣọ́ọ̀kì tó nípọn àti ìṣó. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì máa ń ṣẹ́. Kí wọ́n yí i lórí amọ̀ tí kò ní omi jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ wọn bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí ojú wọn rí bó ṣe máa jáde lórí amọ̀. Ẹ wá fún wọn ní ṣọ́ọ̀kì kejì.